Ẹ Jẹ́ Kí A Tú Ẹrù Wò Kí A Tó Gbé E

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ètò ìrànlọ́wọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

  Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru wá síbí láì tíì fojú kan ilé, ẹ kú ìfaradà. N kò ní fa ọ̀rọ̀ mi gùn, nítorí mo mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí àwọn olóyè ní kí n bá wa sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ ọkàn òṣìṣẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ owó oṣù níhìn-ín. A máa ń sọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, bàtà iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ bàtà náà, tí yóò gba owó náà, báwo ni inú rẹ̀ ti rí? Ìbínú kéékèèké tí à ń kó jọ láti àárọ̀ títí di alẹ́, iyèméjì tí ń sọ fún ènìyàn pé kò já mọ́ nǹkan kan, àti ìpinnu tí à ń fi ìkánjú ṣe nígbà tí ara bá ń ta wá: àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ń da ilé òṣìṣẹ́ rú ju bí a ti rò lọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀. N kò wá sọ fún yín pé kí ẹ máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ebi bá ń pa yín. Ẹni tí ó bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé inú orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà rẹ̀ ti ń wá, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹrù tí ó wà lórí wa pọ̀, ó sì di mọ́ra wọn. Bí a kò bá tú u wò kí a mọ èyí tí ó jẹ́ tiwa nìkan, èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, àti èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, a ó máa gbé e kiri títí ọrùn yóò fi wọ̀.

Ẹrù mẹ́ta ni ó wà

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí ojú gbogbo wa rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù May, ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí a ń rà ní Èkó ní nǹkan tí kò tó ₦200 fún lítà kan ti sún mọ́ ₦500. Owó ọkọ̀ gbéra. Gàrí gbéra. Ẹran di ohun tí a ń fi ojú jẹ. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí ó kéré jùlọ lábẹ́ òfin, ₦30,000 tí a fi lélẹ̀ lọ́dún 2019, kò kúrò lójú kan títí di oṣù July, ọdún 2024, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ₦70,000.

Nínú ọdún kan ó lé tí ó wà láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, mélòó nínú wa ni ó jókòó sórí ibùsùn lóru tí ó ń sọ pé, "Èmi ni n kò mọ owó ná. Èmi ni n kò ṣe bí ọkùnrin. Èmi ni n kò ṣe bí ìyá ọmọ"? Ẹnìkan ń gba iye kan náà, iye náà kò ra nǹkan kan náà mọ́, síbẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń bá jà. Ohun tí mo pè ní ẹrù tí a kò tú wò nìyẹn.

Ẹrù kìíní ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi nìkan. Aago tí mo fi ń jáde nílé wà níbẹ̀. Iye tí mo máa fi síwájú lóṣù yìí, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ẹnu mi jáde sí aya mi, sí ọkọ mi, sí àwọn ọmọ. Èyí kò gba ìpàdé, kò gba ìwé ẹ̀bẹ̀. Bí mo bá sọ pé n ó ṣe é, mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ẹrù kejì ni èyí tí kò sí lọ́wọ́ mi nìkan, ṣùgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ wa bí a bá pa ọwọ́ pọ̀. Owó oṣù wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àfikún tí a kò san owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá gbé irú ẹrù yìí, yóò pa á lára, yóò sì rò pé àìlágbára òun ni. Kì í ṣe àìlágbára. Ẹrù ènìyàn ogún ni ó fẹ́ fi orí kan ṣoṣo rù.

Ẹrù kẹta ni èyí tí kò sí lọ́wọ́ èmi, tí kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Òjò tí ó rọ̀ ní àárọ̀. Ohun tí a sọ lánàá tí kò ṣeé gbé mì mọ́. Èrò inú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ti kú. Èyí ni a ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ó bá gba ọ̀fọ̀, tí a ó sì gbé sílẹ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú wa nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà wọ́n gógó ní ilẹ̀ wa, owó oṣù kò sì tẹ̀lé e. Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ reluwé kò jókòó sílé kí olúkúlùkù máa bá ara rẹ̀ wí. Wọ́n ṣírò iye tí oúnjẹ ń jẹ́ àti iye tí wọ́n ń gbà, wọ́n sì gbé ìṣirò náà lọ síwájú ìjọba òyìnbó. Lọ́dún 1943, ìjọba lé Imoudu kúrò ní Èkó. Nígbà tí ó padà dé lọ́dún 1945, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Lóṣù June ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ, nítorí owó ìgbọ́bùkátà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni kí a fi kún owó náà. Ẹrù kejì ni, wọ́n sì gbé e bí ẹrù kejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbínú tí a kó relé

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìbínú ojoojúmọ́. Súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ mú ọ lójú ọ̀nà fún wákàtí méjì. O dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá bú ọ níwájú àwọn ọmọ kékeré. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kí ó parí. Ìwọ kò wí nǹkan kan, nítorí o kò fẹ́ wàhálà. O dé ilé ní agogo 8 alẹ́, ọmọ rẹ da omi nù sílẹ̀, o sì nà án bí ẹni na olè.

Ẹ̀yin ará, omi kọ́ ni a ń bínú sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agogo 3 ọ̀sán ni ọmọ jìyà rẹ̀ ní agogo 8 alẹ́. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá lè dojú kọ ẹni tí ó bí i, yóò wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, àwọn tí ó fẹ́ràn wa jù ni ọwọ́ sì máa ń tó.

Kí ni a lè ṣe? N kò ní sọ pé kí ẹ má bínú. Ẹni tí a fi ìyà jẹ tí kò bínú, ara rẹ̀ kò le ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ orúkọ ìbínú kí a tó mú un wọlé. Kí o tó kan ilẹ̀kùn ilé, dúró díẹ̀. Bí ó jẹ́ ìdí igi tí ó wà ní ìkóríta ni, dúró síbẹ̀. Mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí o sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ: "Ohun tí ọ̀gá sọ ló ń dùn mí. Kì í ṣe àwọn ará ilé mi." Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ìbínú tí a bá dárúkọ, a ti mọ ilé baba rẹ̀.

Èkejì, ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀sí kàn yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, aago mélòó, kí ni wọ́n sọ, ta ni ó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe bù mọ́ ọn, ẹ má ṣe yọ kúrò nínú rẹ̀. Ìbínú tí a kọ sílẹ̀ ti di ẹ̀rí. Nígbà tí ẹ bá gbé ìwé náà wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́, kì í ṣe ariwo ni ẹ gbé wá, ẹjọ́ ni. Àwa olóyè mọ bí a ti ń gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn aláṣẹ. A kò mọ bí a ti ń gbé igbe lọ.

Má ṣe lé ara rẹ níṣẹ́ láìsí kúẹ́rì

Ọ̀rọ̀ iyèméjì ni ó kàn. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ọ̀gá kan bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ lọ lójijì, ẹgbẹ́ kò ní dákẹ́. A ó béèrè pé: ìwé kúẹ́rì dà? Kí ni ẹ̀sùn náà gan-an? Ta ni ẹlẹ́rìí? Ǹjẹ́ ẹ fún un láyè kí ó sọ tẹnu rẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe sí ara wa. Àṣìṣe kan ṣoṣo ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti dá ara wa lẹ́jọ́: "Olódo ni mí. Kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé tí ó ń yọrí. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti kọjá mi." Kò sí kúẹ́rì, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìgbìmọ̀. A ti lé ara wa níṣẹ́ nínú ọkàn wa, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wa ṣì wà nínú ìwé owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a mú akọ̀wé kan tí ó ti lo ogún ọdún nídìí fáìlì. Kò sí ìwé tí ẹ wá tí kò ní fi ọwọ́ kàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá kó kọ̀ǹpútà dé. Àwọn ọmọ tí ó gbà wọlé láìpẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, òun ń fi ìka kan wá lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ pamọ́. Ó ń wá sí ibi iṣẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i bí ó ti ń ṣe é. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò wúlò mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, kí ni a ó béèrè? A ó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sùn. "Kò wúlò mọ́" kì í ṣe ẹ̀sùn, èébú ni. "Kò mọ bí a ti ń fi àkọsílẹ̀ owó oṣù ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà" ni ẹ̀sùn, nítorí a lè dáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó béèrè ẹlẹ́rìí, láti apá méjèèjì. Bí àṣìṣe ọjọ́ Ẹtì bá jẹ́rìí lòdì sí i, ogún ọdún tí fáìlì kankan kò sọnù náà yóò jẹ́rìí gbè é. Ẹ̀rí tiwa fún ara wa kì í sábà dé ilé ẹjọ́ ọkàn wa. A máa ń tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìkẹta, a ó béèrè ohun tí ó tọ́ sí ẹ̀sùn náà. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ẹ̀kọ́ ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ kí ẹ mú relé: "tíì". "N kò mọ̀ ọ́n" ti ilẹ̀kùn pa. "N kò tíì mọ̀ ọ́n" ṣí i sílẹ̀ díẹ̀. Kí akọ̀wé yẹn pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kí ó sọ pé, "Àbúrò, jọ̀wọ́, fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n kọ ọ́ sílẹ̀." Ẹ ó rí i pé ọmọ náà yóò sọ pé, "Ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ̀gbọ́n." Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ń wá ọ̀nà láti béèrè bí a ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ tí kò fi ní di ìjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ sì rántí kí ẹ tú ẹrù náà wò. Láti béèrè kí a sì máa fi ọwọ́ dán an wò jẹ́ ẹrù kìíní, ti akọ̀wé náà ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé láìkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí a ti ń lò ó, ẹrù kejì nìyẹn. Ẹgbẹ́ ni yóò lọ béèrè fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí a kò kọ́, kí ó má ṣe fi gbogbo ẹ̀bi lé ara rẹ̀ lórí.

Ìpinnu tí ara gbígbóná ṣe

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ìpinnu ńláńlá ni a máa ń fi ìkánjú ṣe: a kọ ìwé pé a fi iṣẹ́ sílẹ̀, a yá owó, a fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìfiṣẹ́sílẹ̀. Wọ́n bú ènìyàn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó jáde. Ó dùn mọ́ ọn títí ó fi dé ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 1974 ti là á sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kàn: ẹni tí ó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fún agbanisíṣẹ́ ní ìwé oṣù kan ṣáájú kí ó tó lọ, ẹni tí ó ti lo ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí ó ti lé ní oṣù 3 tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà bí òun ni ó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá jáde láìfún wọn níwèé ti fún wọn láyè láti béèrè owó àsìkò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sì sọ pé ẹni tí kò tíì pé ẹni ọdún 50 tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ yóò dúró fún oṣù 4 láìríṣẹ́ mìíràn kí ó tó lè gbà lára owó tí ó wà ní àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ohun tí yóò sì gbà kò ní ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Oṣù mẹ́rin, ẹ̀yin ará. Ìbínú kì í ka òfin kí ó tó sọ̀rọ̀.

Tàbí kí a mú owó yíyá. Owó ilé ìwé dé, ọwọ́ kò tó, fóònù sì ń sọ pé kí a tẹ ibi kan, owó yóò wọlé nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí a bá yá ₦50,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦15 lórí ₦100 lóṣù kan, èlé oṣù kan jẹ́ ₦7,500. Bí ó bá fi di oṣù mẹ́fà, èlé nìkan ti di ₦45,000, ₦50,000 ọlọ́wọ̀ náà sì jókòó síbẹ̀ tí ó ń wò wá. Bí a bá gbé ìwé àti bírò kí a tó tẹ fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí kí ó lọ bẹ ilé ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun san án díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ìlànà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi lélẹ̀ fún ìpinnu tí ó bá wúwo. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ṣe é lọ́jọ́ tí inú bá ń bí yín, tàbí lọ́jọ́ tí ẹ kò tíì jẹun, tàbí ní òru. Ẹ sùn lé e. Èkejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lápá méjì: ohun tí yóò jẹ́ èrè rẹ̀, ohun tí yóò ná wa. Ẹ̀kẹta, ẹ bi ènìyàn méjì: ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú, àti ẹni tí yóò bá yín jẹ nínú àbájáde rẹ̀. Bí ọkọ bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí aya gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò, ìpinnu náà ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ dá ọjọ́ fún un. Ẹni tí kò kánjú kì í ṣe ẹni tí kò ní pinnu láéláé. Bí a bá ní ọjọ́ Ẹtì ni, kí ó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Bí a bá sì ti ṣe gbogbo èyí, tí àbájáde kò wá dára, kí a má ṣe padà wá na ara wa lẹ́gba. Àgbẹ̀ tí ó yan irúgbìn rere, tí ó gbìn ín lásìkò, tí òjò kò rọ̀, kò ṣe àṣìṣe. Ẹrù kẹta ni òjò. Ohun tí yóò ṣe ni kí ó wo ohun tí ó kù nínú àká.

Bí ẹrù bá ju ọrùn lọ

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Nígbà mìíràn, títú ẹrù wò kò tó. Oorun ti kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ kò wọlé, ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ènìyàn kò dùn mọ́ ọn mọ́, iṣẹ́ kò ṣeé ṣe, tàbí èrò pé ikú sàn ju ayé lọ ń wá sọ́kàn. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹni tí èrò ikú bá ń wá bá, kí ó má ṣe dá wà. Kí ó sọ fún ẹnìkan lónìí, kí ẹni náà sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àrò tí gbogbo ayé wá gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé nínú abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan kan tí ó tẹ̀lé wọn wá, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé ènìyàn láàárín ènìyàn ni ara rẹ̀ tètè ń yá. Àrò ṣì wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Lóṣù January ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ láti ayé òyìnbó amúnisìn tí ó ń fi orúkọ wèrè pe aláìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú àìsàn yìí ṣe ẹlẹ́yà ní ẹ̀ka wa.

Ẹ tún gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Harare, olú ìlú Zimbabwe. Lọ́dún 2006, dókítà kan tí ń jẹ́ Dixon Chibanda rí i pé àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ó lè tọ́jú wọn kò tó nǹkan. Ó kọ́ ìyá àgbà 14 ní àdúgbò Mbare bí a ti ń tẹ́tí sí ènìyàn, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún àìsàn náà ní èdè Shona: kufungisisa, èyíinì ni àròjù. Ìyá àgbà yóò ní kí ẹni náà ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀. Yóò ní kí ó mú ọ̀kan péré nínú wọn. Àwọn méjèèjì yóò wá ohun kan tí ó ṣeé ṣe sí ọ̀kan yẹn, yóò lọ ṣe é, yóò sì padà wá. Lọ́dún 2016, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ènìyàn 573 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ǹṣì ni wọ́n gbé kalẹ̀, ẹ̀yin ará. Bẹ́ǹṣì àti etí.

Àbá mi

Alága, mo fẹ́ fi àbá kan lélẹ̀ kí n tó jókòó. Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa yan àgbà òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì, tí a mọ̀ pé wọ́n lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí a sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, kí méjì nínú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ẹrù bá wúwo fún, kí ó wá tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kí wọ́n bá a wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ ti gbogbo wa, bí ó bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n gbé e wá sí ìpàdé láìdárúkọ rẹ̀. Èyí tí ó bá ju agbára wọn lọ, kí wọ́n mọ ilé ìwòsàn tí wọn yóò bá a lọ. Kò ní ná ẹgbẹ́ ní nǹkan tí ó pọ̀. Bẹ́ǹṣì ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a kò ní yé bá àwọn aláṣẹ fà á lórí owó oṣù. Ìjà ẹgbẹ́ kò dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bá ara rẹ̀ jà láti òru mọ́jú, agbára wo ni ó kù fún un láti bá wa dúró lójú ìlà? Ẹ tọ́jú ara yín, ẹ tọ́jú ara yín fún ara wa.

Mo fi àbá náà sílẹ̀ fún ìpàdé.